Ọ̀rá Inú Ọ̀rá

Ọkọ̀ akérò kan tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lẹ́yìn Berger, àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà sì yí i ká. Wọ́n gbé omi inú ọ̀rá, wọ́n gbé gúgúrú, wọ́n gbé ìpékeré. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé fẹ́ ra ìpékeré lọ fún ìyá rẹ̀. Oríṣi méjì ló wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Wọ́n di ọ̀kan sínú ọ̀rá lásán, wọ́n fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Èkejì wà nínú ọ̀rá aláwọ̀ ewé tó ń dán yinrin, wọ́n ya ewé tútù sí i lára, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà síwájú rẹ̀ pé kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, kò ní gúlútẹ́ẹ̀nì, àdáyébá pọ́ńbélé ni. Owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ.

"Èyí ni kó o mú wá," ni obìnrin náà wí. "Màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní kí wọ́n má jẹ ọ̀rá mọ́."

Ẹni tó jókòó tì í ni òǹkọ̀wé yìí, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó nílé ìwòsàn, tó ń bá alátọ̀gbẹ àti ẹlẹ́jẹ̀ ríru sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n ń jẹ. Ó yẹ kó panu mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó bi í. Kò lè panu mọ́. "Ẹ má bínú, àǹtí," ló wí, "ẹ jẹ́ ká jọ yí i padà, ká wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Èdè Yorùbá ti sọ̀rọ̀ lórí èyí tipẹ́. Ohun tó ń yọ̀ lára ẹran, ọ̀rá là ń pè é. Ohun tí wọ́n fi ń di omi àti gààrí, ọ̀rá náà là ń pè é. Bóyá ẹni tó kọ́kọ́ pe náílọ̀n ní ọ̀rá ti fojú inú rí ohun tí wọn yóò máa dì sí i. Ọ̀rá inú ọ̀rá gan-an ni ìpékeré. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tútù kò ní ọ̀rá tó gíráàmù kan nínú gíráàmù 100. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, tí wọ́n dà á sínú òróró gbígbóná, omi á máa hó jáde, òróró á sì máa gba àyè rẹ̀. Nígbà tó bá fi gbẹ, tó ń ró lẹ́nu, gíráàmù 100 rẹ̀ ti ní ọ̀rá tó bí 30. Gíráàmù ọ̀rá kan ń fún ara ní kálórì 9, nígbà tí gíráàmù ṣúgà tàbí purotéènì ń fún un ní 4 péré. Nínú nǹkan bí kálórì 530 tó wà nínú gíráàmù 100 ìpékeré, nǹkan bí ìdajì ló jẹ́ ti òróró. Bọ̀ọ̀lì tí wọ́n sun lórí ẹyín iná kò mọ̀ nípa gbogbo èyí, àfi bí ẹlẹ́pà bá wà nítòsí.

Ṣé irọ́ wá ni ọ̀rọ̀ iwájú ọ̀rá náà? Rárá o. Òótọ́ ni, òótọ́ tí kò kan ọ̀rọ̀ sì ni. Ara ẹran, ẹyin, wàrà àti ẹja ni kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú oúnjẹ ti ń wá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òróró ẹ̀wà sóyà kò ní èyí tó tó kà. Inú wíìtì, báálì àti ráì ni gúlútẹ́ẹ̀nì ń gbé. Ẹni tó bá ní àìsàn celiac, tí ìfun rẹ̀ kò gbà á, gbọ́dọ̀ sá fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní in láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ó dà bí ẹni tó ń ta ewúrẹ́ tó ń polówó pé ewúrẹ́ òun kì í fò lọ bí ẹyẹlé. Kò parọ́. Àmọ́ ẹni tó gbọ́ ọ yóò máa rò pé ewúrẹ́ àwọn yòókù ń fò.

Òye yìí ló gba òǹkọ̀wé yìí lákòókò jù lọ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, irọ́ ló ń wá kiri lára páálí àti ọ̀rá, ó fẹ́ mú ọlọ́jà níbi tó ti ń purọ́. Ìwọ̀nba ló rí. Òfin ò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ńlá máa purọ́ gbangba, wọn ò sì nílò rẹ̀. Wọ́n á kàn yan òótọ́ kan nínú òótọ́ mẹ́wàá, wọ́n á fi àwọ̀ ewé kùn ún, wọ́n á gbé e síwájú. Mẹ́sàn-án tó kù á lọ bá àwọn lẹ́tà wínníwínní lẹ́yìn.

Ẹ̀yìn ọ̀rá tọjọ́ náà kò fi nǹkan pamọ́. Obìnrin náà ní láti yọ awò ojú rẹ̀ kó tó lè kà á: ìwọ̀n àjẹlẹ́ẹ̀kan, gíráàmù 30, kálórì, 160, ọ̀rá, gíráàmù 9, sódíọ̀mù, mílígíráàmù 150. Kò burú lójú. Ṣùgbọ́n gíráàmù 85 ni gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá náà. Ta ni yóò jẹ ìpékeré dé ìdá kan nínú mẹ́ta, tí yóò wá ká ẹnu rẹ̀, tí yóò fi rọ́bà so ó di ọ̀la? Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán, bí gbogbo èèyàn ti ń jẹ ẹ́ tán, ti jẹ kálórì tó lé ní 450 àti ọ̀rá tó lé ní gíráàmù 25, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òróró ṣíbí ìjẹun méjì. Ti sódíọ̀mù jẹ́ mílígíráàmù 425. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye iyọ̀ tó wà nínú sódíọ̀mù, kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àtààbọ̀: iyọ̀ yẹn ju gíráàmù kan lọ díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5. Ìdá kan nínú márùn-ún ti wọlé nìyẹn, kí ìyá ẹni tó débi ọbẹ̀ alẹ́.

Kí ló wà nínú ti ọ̀rá lásán? Ọ̀gẹ̀dẹ̀, òróró, iyọ̀. Kí ló wà nínú ti aláwọ̀ ewé? Ọ̀gẹ̀dẹ̀, òróró, iyọ̀.

Láyé àtijọ́, adùn ni ọlọ́jà fi ń polówó. Ẹlẹ́pà á ní ẹ̀pà òun gbẹ, aláàádùn á ní tòun ta sánsán. Kò sí ẹni tó dúró ní ìkóríta tó ń kígbe pé àádùn òun yóò ṣe ọkàn lóore. Ìgbà tí àtọ̀gbẹ àti rọpárọsẹ̀ di ohun tí gbogbo agbo ilé ń bẹ̀rù ni ìlera di ọjà. Ìlú òyìnbó ló ti kọ́kọ́ dé. Ní 1892, ilé iṣẹ́ McVitie's ní Scotland bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bísíkíìtì tí wọ́n pè ní digestive, nítorí ìgbàgbọ́ pé sódà inú rẹ̀ ń mú oúnjẹ dà. Orúkọ náà ṣì wà lára bísíkíìtì tí onírúurú ilé iṣẹ́ ń ṣe kárí ayé, títí dé Nàìjíríà. Orúkọ ń ro ni, ó sì ń ro ẹni tó ń jẹun pàápàá.

Tíṣà fẹ̀yìntì kan wà tó jẹ́ pé bísíkíìtì yìí ló gbé e dé iwájú tábìlì òǹkọ̀wé yìí. Dókítà ti ní kó yé fi ṣúgà sí tíì, ó sì gbọ́ràn. Kò fi ẹyọ kan sí i mọ́. Síbẹ̀ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tó ń jẹ láàárín oúnjẹ, ó ní kò sí nǹkan, àfi bísíkíìtì tí wọ́n ń ṣe fún ìlera, mẹ́fà pẹ̀lú tíì àárọ̀, mẹ́fà nírọ̀lẹ́. Ìgò ṣúgà kan, àwo funfun kan àti ṣíbí tíì kan máa ń wà lórí tábìlì náà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. "Bàbá, ẹ bá mi kà á," ni òǹkọ̀wé yìí wí. Bísíkíìtì mẹ́fà, bíi gíráàmù 90. Gíráàmù 100 irú rẹ̀ sábà máa ń ní ṣúgà bíi gíráàmù 16 àti ọ̀rá tó lé ní 20. Ṣíbí tíì kan gba ṣúgà bíi gíráàmù 4. Bàbá bu ọ̀kan sórí àwo, ó bu èkejì, ó bu ẹ̀kẹta, ó sì bu ààbọ̀ lé e. Ó tẹjú mọ́ òkìtì náà fún ìgbà díẹ̀.

"Èyí tí mo yọ kúrò nínú tíì ni mo ń jẹ nínú bísíkíìtì," ló wí.

Kò tíì tán síbẹ̀, nítorí fún alátọ̀gbẹ, ṣúgà nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀. Fúláwà tí wọ́n fi ṣe bísíkíìtì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìtáṣì inú fúláwà sì ń di gúlúkóòsì nínú ẹ̀jẹ̀ kí tíì tó tutù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí wọ́n kọ àpapọ̀ kabohááréètì sí ló yẹ kí irú Bàbá yìí kọ́kọ́ wò, kó tó wo ibi tí wọ́n kọ ṣúgà sí. Àwọn bísíkíìtì kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní ṣúgà rárá, òótọ́ sì ni. Fúláwà inú wọn kàn ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ ní jẹ́jẹ́.

Àtòkọ àwọn nǹkan tí wọ́n fi ṣe oúnjẹ ni òǹkọ̀wé yìí fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn páálí, ju àwọn iye inú àtẹ lọ pàápàá. Òfin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà pẹ̀lú, ni pé kí wọ́n to àwọn nǹkan náà bí wọ́n ṣe wúwo sí: èyí tó pọ̀ jù síwájú, èyí tó kéré jù sẹ́yìn. Bí oyin bá wà ní ipò kẹjọ lára ohun tí wọ́n pè ní ìpápánu oyin, tí iyọ̀ sì ṣáájú rẹ̀, a jẹ́ pé àwòrán oyin ló pọ̀ níbẹ̀ ju oyin lọ. Àmọ́ ọgbọ́n wà lórí èyí náà. Ká ní ilé iṣẹ́ kan fẹ́ kí óòtì wà ní ipò kìíní. Óòtì jẹ́ gíráàmù 30 nínú 100. Bí wọ́n bá fi ṣúgà gíráàmù 32 sí i, ṣúgà ni yóò wà níwájú. Ohun tí wọ́n á ṣe ni pé wọ́n á pín in: ṣúgà 12, oyin 10, omi gúlúkóòsì 10. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré sí óòtì, óòtì á sì jókòó síwájú bí olórí ẹbí. Ẹni tó bá fẹ́ ka àtòkọ ní láti mọ orúkọ oríkì ṣúgà: súkúróòsì, dextrose, fúrúkítóòsì, omi ṣúgà àgbàdo, omi èso tí wọ́n sè títí ó fi ki. Ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo wọn.

Nutella, ṣokoléètì tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì, kò tilẹ̀ pín ṣúgà rẹ̀. Ṣúgà ló wà ní ipò kìíní, epo ọ̀pẹ ló tẹ̀ lé e, ṣúgà tó lé ní gíráàmù 55 sì wà nínú gíráàmù 100 rẹ̀. Síbẹ̀ ìpolówó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi í hàn bí ara oúnjẹ àárọ̀ tó dára fún ọmọdé, títí ìyá kan ní California fi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní 2012, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é gbà láti san mílíọ̀nù 3 dọ́là fún àwọn oníbàárà kí ẹjọ́ náà lè parí. Àwọn kan fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé kò mọ ṣokoléètì ni. Òǹkọ̀wé yìí kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti rí i bí abiyamọ ṣe ń sáré wọ ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọmọ kan lẹ́yìn, ọmọ kan lọ́wọ́, yóò mọ̀ pé iwájú páálí nìkan ni àyè wà láti kà.

Ní Nàìjíríà, ìgbàgbọ́ kan tún wà tó yàtọ̀. Nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn. Àwọn aláìsàn á fi ìka tọ́ ọ pé, "Ẹ wò ó, ìjọba ti fọwọ́ sí i." Nọ́ńbà náà ṣe pàtàkì: ó ń sọ pé àjọ náà mọ ọjà yẹn, wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a sì mọ ibi tí a ó ti mú ẹni tó ṣe é bí ó bá pa èèyàn lára. Kò sọ pé kí alátọ̀gbẹ máa jẹ ẹ́. Ṣúgà inú páálí náà ní nọ́ńbà NAFDAC. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fítámì tí wọ́n ń kọ sára bísíkíìtì ọmọ iléèwé. Láti 2002 ni òfin ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi fítámì A sí fúláwà, ṣúgà àti òróró tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, nítorí àwọn ọmọ tí àìtó fítámì yìí ń ba ojú wọn jẹ́. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó po fúláwà, ṣúgà àti òróró pọ̀ lè wá kọ "ó ní fítámì A" sára ọ̀rá rẹ̀ bíi pé òun ló ronú kàn án.

"Àdáyébá" ńkọ́? Ọmọ ìrèké ni ṣúgà. Àdáyébá ni tábà.

"Wọn kò fi ṣúgà kún un" ló le díẹ̀, nítorí àwọn ọlọ́gbọ́n ló máa ń bọ́ sínú rẹ̀. Ìpápánu onídàbínù ti gbòde báyìí, ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù: wọ́n á lọ dàbínù kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ ẹ̀pà tàbí àgbọn, wọ́n á gé e bí ọṣẹ. Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò bu ṣúgà sí i. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta dàbínù fúnra rẹ̀ ni ṣúgà. Ó ní fáíbà, ó sàn ju súwíìtì lọ, ẹni tí ara rẹ̀ le lè jẹ ẹ́ kó sì gbádùn rẹ̀. Alátọ̀gbẹ tó jẹ ẹyọ mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ iwájú páálí yóò rí ohun tí ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà yóò sọ. Ní 2015, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà sí ṣúgà, oyin àti omi èso wà lára ohun tí wọ́n kà mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kálórì ojúmọ́, èyí tó jẹ́ bíi gíráàmù 50 fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000. Wọ́n sì ní yóò dára sí i bó bá lè má tó ìdá 5, gíráàmù 25, ṣíbí tíì mẹ́fà. Oyin tí gbogbo wa ń pè ní oògùn wà nínú ṣíbí mẹ́fà yẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé kí èèyàn kàn sá fún ọ̀rá ni àbájáde gbogbo èyí, kó rántí SnackWell's. Ní 1992, ilé iṣẹ́ Nabisco gbé bísíkíìtì yìí jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n yọ ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀, wọ́n fi ṣúgà àti ìtáṣì dí àyè náà. Ó tà wàrà-wàrà. Nítorí pé kò ní ọ̀rá, àwọn èèyàn ń jẹ páálí kan tán níjókòó kan, débi pé orúkọ bísíkíìtì náà ni wọ́n fi ń pe ìwà yẹn títí dòní.

Ọ̀rọ̀ tó sì yí òǹkọ̀wé yìí lérò padà jù ni ti ilé iṣẹ́ Kind, tó ń fi ẹ̀pà àti irú èso bẹ́ẹ̀ ṣe ìpápánu. Ní oṣù kẹta 2015, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yé pe àwọn kan nínú ọjà wọn ní oúnjẹ ìlera, nítorí ọ̀rá inú wọn, irú èyí tó máa ń dì bí òtútù bá mú un, ti ju gíráàmù kan tí òfin gbà láyè lọ. Inú èso náà gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀rá ọ̀hún ti wá. Òfin yẹn sì rèé, kò fi ààlà kankan sí ṣúgà: oúnjẹ àárọ̀ oníṣúgà tí kò lọ́ra lè pe ara rẹ̀ ní ti ìlera, ẹja salmon àti píà kò lè pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà yarí. Nígbà tó di 2016, àjọ náà gbà kí wọ́n máa lo ọ̀rọ̀ ọ̀hún padà, ó sì di oṣù Kejìlá 2024 kí ìtumọ̀ tuntun tó jáde, èyí tó gba ẹ̀pà, irúgbìn àti ẹja láyè, tó sì fi ààlà sí ṣúgà tí wọ́n bá fi kún oúnjẹ. Láàárín ìgbà yẹn, òǹkọ̀wé yìí ti ń fi iye ọ̀rá nìkan dá ẹ̀pà lẹ́bi fún àwọn aláìsàn rẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni FDA.

Ẹ̀pà ló yẹ kí òǹkọ̀wé yìí tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Gíráàmù 100 ẹ̀pà ní ọ̀rá tó bí 49, ó ju ìpékeré lọ fíìfíì. Bí a bá fi iye yìí nìkan ṣe é, ìpékeré ló wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹ̀pà kò ti inú agbada wá. Ara irúgbìn ló wà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ irú tí kì í dì. Purotéènì bí 26 àti fáíbà tó lé ní 8 bá a rìn. Ẹ̀kúnwọ́ kan ń yóni. Ọ̀rá ìpékeré kan ń ṣí ọ̀fun. Ìyá tó sun ẹ̀pà nínú iyanrìn gbígbóná, tó rọ ọ́ sínú ìgò, kò kọ nǹkan kan sára ìgò náà, kò sì sí ìpápánu aláwọ̀ ewé tó lè bá a du ipò. Gúgúrú rẹ̀ náà kò kéré: àgbàdo odindi ni, fáíbà inú gíráàmù 100 rẹ̀ lè tó 14, bí kò bá ṣe èyí tí wọ́n fi bọ́tà àti ṣúgà pa lára.

Ìyẹn kò sọ pé ohun tí kò ní lébẹ̀ẹ̀lì mọ́ nígbà gbogbo. Ẹ̀pà tó bu máa ń ní aflatoxin, oró tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, yíyan kì í sì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Èyí tó dúdú, tó hunjọ, tó korò lẹ́nu, kí èèyàn tu ú dànù. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè sọ iye ìgbà tí wọ́n ti dín nǹkan nínú òróró ìpékeré ọ̀rá lásán. Níbí yìí, ilé iṣẹ́ tó ní àdírẹ́sì àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọjà sára ọ̀rá rẹ̀ ní ohun tó ń tà lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kọ́.

Ọ̀rá kan wà tí kò sí ẹni tó ń gbèjà rẹ̀ mọ́: ọ̀rá tíráńsì, tó ń wá nígbà tí wọ́n bá fi gáàsì háídírójìn mú òróró dì kó lè pẹ́ nílẹ̀. Ó burú fún ọkàn. Ìlànà tí NAFDAC gbé jáde ní 2022 kò gbà kó ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá inú oúnjẹ lọ. Ẹni tó ní ẹbí ní Amẹ́ríkà tó ń fi ìpápánu ránṣẹ́ sílé, kó mọ̀ pé òfin ibẹ̀ ń gba ilé iṣẹ́ láyè láti kọ òdo bí ọ̀rá náà kò bá tó ìdajì gíráàmù nínú àjẹlẹ́ẹ̀kan. Àjẹlẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ gíráàmù 30 tún dé nìyẹn.

Ẹ̀yìn páálí pàápàá ní ibi tí kò lè ríran dé. Ní Yunifásítì São Paulo ní Brazil, Carlos Monteiro àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá ní 2009 pé kí a yé fi èròjà nìkan pín oúnjẹ, ká wo ohun tí ilé iṣẹ́ ti fi ojú rẹ̀ rí. Àwọn kan fẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Àmọ́ ní 2019, Kevin Hall ní NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde: àgbàlagbà 20 gbé inú ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ti yí padà pátápátá, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ èyí tí wọ́n sè bí ti ilé. Wọ́n to oúnjẹ méjèèjì kí ṣúgà, ọ̀rá, iyọ̀ àti fáíbà inú wọn bára mu, wọ́n sì ní kí kálukú jẹ bó ṣe wù ú. Ní ọ̀sẹ̀ oúnjẹ ilé iṣẹ́, wọ́n ń fi nǹkan bíi kálórì 500 jẹun jù lójúmọ́, wọ́n sì sanra bíi kílò kan. Òǹkọ̀wé yìí kò gba ìpín Monteiro gbọ́ délẹ̀, nítorí búrẹ́dì wíìtì odindi kan lè bá súwíìtì dọ́gba nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́ láti bi aláìsàn léèrè bóyá a lè rí ohun tó wà nínú àtòkọ náà ní ilé ìdáná ìyá rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti gba iwájú páálí lọ́wọ́ ọlọ́jà. Chile bẹ̀rẹ̀ ní 2016: àmì dúdú onígun mẹ́jọ lára ohunkóhun tí ṣúgà, iyọ̀ tàbí ọ̀rá rẹ̀ bá pọ̀ jù. Mexico tẹ̀ lé e ní 2020, Brazil ní 2022 pẹ̀lú àwòrán awò asọ-nǹkan-di-ńlá. Ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ìpápánu inú ọ̀rá ní àmì yìí. Àkàrà tí àwọn ìyá ń dín nínú epo pupa lẹ́bàá títì kò ní, kò sì sẹ́ni tí í rò pé oògùn lòun ń jẹ. Ní Britain, àwọ̀ iná ojú pópó ni wọ́n ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọn dandan. Ọ̀rá tó bá ju gíráàmù 17.5 lọ nínú 100, pupa ni. Ọmọ Yorùbá tó bá mú ìpékeré lórí àtẹ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí àwọ̀ pupa náà lójú ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní Berger ní láti yọ awò.

Obìnrin inú ọkọ̀ náà ra èyí tí kò gbówó lórí. Kò rà á fún ìyá rẹ̀ mọ́. Ó já a, ó gbé e ká ọkọ̀, òǹkọ̀wé yìí náà sì mú mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n fi dé Ògèrè, ọ̀rá lásán ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni, ó ń béèrè ibi tí wọ́n dé, ohùn rẹ̀ sì ń jáde ketekete: kó má gbàgbé búrẹ́dì o, méjì, èyí tó dùn tó máa ń rà lọ́nà.

Obìnrin náà wo ẹni tó jókòó tì í. Ẹni tó jókòó tì í wo ìta fèrèsé.